Ìyá Àgbà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Okùn Fa Adúmáadán

Ní ọjọ́ àdúà ogójì, wọ́n gbé míkírò lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí èmi Bíntù, ọmọ-ọmọ tó bá a gbé jù, sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Ìyá àgbà. Mo ní, "Ìyá àgbà mi..." ni ẹkún bá gbé ọ̀rọ̀ mì. Wọ́n gba míkírò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni yẹn wá ń sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni olóògbé, pé kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹkún mi dá lójú ẹsẹ̀. Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Ta ni wọ́n ń sọ? Ìyá àgbà tí mo mọ̀ bá mẹkáníìkì jà, ó bá ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà jà, ó sì bá àbúrò ọkọ rẹ̀ jà fún ọdún mẹ́ta gbáko nítorí okùn kan. Ìjà yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹnu mi kò lè sọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì bínú pé "ó" ni mò ń kọ, tí n kò kọ "wọ́n". Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo ti ilé ìwé dé tí mo ń sọ fún àlejò pé "wọ́n wà nínú yàrá", ó jáde sí mi, ó ní, "Àwa mélòó lo bá nínú yàrá?"

Ìyá Oníṣu ni gbogbo Tchaourou, ìlú wa, ń pè é. Òun àti Bàbá àgbà ni wọ́n jọ dá àgbàlá iṣu wa sílẹ̀ létí títì ọ̀dà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń gòkè lọ sí Parakou àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọnú ti ń yà ra iṣu. Láti inú àgbàlá yẹn ni gbogbo wa ti jẹun, títí kan èmi tí mò ń kọ èyí. Nígbà tí Bàbá àgbà kú, mo ti kúrò ní ọmọdé, mo ti ń bá wọn ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún kejì ikú rẹ̀ ni Ìyá àgbà ra ọkọ̀: ọkọ̀ Jámánì dúdú, gígùn, oníjòókòó awọ, irú èyí tí àwọn mínísítà ń gùn láyé àtijọ́. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ. Ó sọ ọ́ ní Adúmáadán.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ìdí tó fi rà á fún mi. Nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá níyàwó láti Goro, abúlé bàbá rẹ̀, orí iṣu nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé e jókòó sí. Òjò ti rọ̀, ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ láti tì í, ìyàwó náà sì tì í tòun ti aṣọ ìyàwó. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ dúdú kan fi kọjá lára wọn fìì, tó da ẹrẹ̀ sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Bàbá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Irú rẹ̀ ni màá rà fún ọ." Wọ́n ta iṣu títí orí fi funfun. Wọ́n kọ́lé, ọmọ kàwé, ọkọ̀ kò dé. Nígbà tí Bàbá àgbà wà lórí àìsàn ikú, ó ní kí ó dárí jin òun nítorí ọkọ̀ yẹn. Ìyá àgbà sì dá a lóhùn pé, "Ìwọ lo ṣèlérí, èmi ni màá mú un ṣẹ. Tọkọtaya ṣá ni wá."

Èmi ni mo bá a lọ sí Kútọnú, sí ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé. Ọkùnrin tó ń tà á wọ dígí dúdú, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó nu ara ọkọ̀ náà títí a fi ń rí ojú wa nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kò wo ibi tí ó ń nù. Ẹ mọ̀ pé oníṣu kì í ra òkìtì iṣu láti òkè. Ìsàlẹ̀ ló ń tọwọ́ bọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èyí tó jẹrà pamọ́ sí. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sùn lé e, ó sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan là ń rí. Ojú tì mí, mo ń wo ibòmíràn bíi pé n kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó jáde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ẹ́ńjìnì wà.

"Ta ló tan ọkọ̀ yìí láàárọ̀?"

"Kò sí o, tata," ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbàlagbà lọ́dọ̀ wa. "Ó wà bẹ́ẹ̀ láti àná."

"Ara rẹ̀ gbóná. Iṣu tí wọ́n bá ti wẹ̀ dè mí, ohun kan ni wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀." Ó yí sí mi. "Bíntù, tẹ́ ẹní."

A jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ìrun àílà fi dé, à ń jẹ búrẹ́dì, à ń dúró kí ẹ́ńjìnì tutù. Ọkùnrin náà bú wa ní gbogbo èdè tó gbọ́. Nígbà tó wá tan ọkọ̀ náà ní tútù, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín funfun, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó sì dìde. Mo rò pé a ó kó ẹní wa. Ìyá àgbà ní òun á rà á. Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ kò gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ ni?" Ó ní, "Ó wúkọ́, ó sì dìde. Ohun tí mo dúró wò nìyẹn. Èmi náà, báwo ni mo ṣe ń jí?"

Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Bàbá àgbà ní àbúrò kan, Bàbá Sàká, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára àgbàlá wa. Ó fẹ́ fi ibẹ̀ ta sìmẹ́ńtì. Lójú tirẹ̀, opó kì í jókòó lórí ilẹ̀ tó dojú kọ títì, tí ọkùnrin ẹbí ń bẹ láàyè. Ọkọ̀ àgbà yìí ló wá fi ṣe ìdí. Ó pe ìpàdé ẹbí.

"Ìyàwó wa," ni ó wí, tòun ti Faransé rẹ̀ tí kì í tán lẹ́nu, "ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í fi èrè iṣu ra òkú ọkọ̀ òyìnbó. Bon. Àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irú orí yìí la ó fi sílẹ̀ fún?"

Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó ilé ì báà ní ewú lórí, ọkọ ló ń pe gbogbo ọmọ ẹbí ọkọ rẹ̀, títí dórí èyí tí wọ́n bí lánàá. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kú ìjókòó. Òkú tí ẹ ń wí yìí, ìgbà wo lẹ rò pé yóò jẹrà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Inú bí Bàbá Sàká. "Kí a tó jẹ iṣu tuntun ẹlẹ́ẹ̀kẹta, okùn la ó fi fà á wọ Tchaourou bí ewúrẹ́ tó jẹ gbèsè!"

"Ó dáa, ọkọ mi. Ọjọ́ tí ẹ bá rí okùn lọ́rùn rẹ̀, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ àgbàlá lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí a bá jẹ iṣu tuntun ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí okùn kò kàn án, ẹ̀yin náà ni ẹ ó jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni màá wà yín yí ọjà ká."

"Voilà!" Bàbá Sàká fò dìde. "Ẹ ti gbọ́ o! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́!"

Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo bá a nínú yàrá, mo ń pariwo, mo ní àgbàlá tí a fi ń jẹun ló fi lélẹ̀ nítorí irin àtijọ́. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní, "Bí n kò bá fi í lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọdọọdún ni wọn yóò máa wá gbà á. Èmi kò fẹ́ kí wọ́n bá ọ ní ẹnu ìjà yìí."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Bàbá Sàká ra okùn ọ̀rá aláwọ̀ aró, tuntun, tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó sì ń fi han ẹni gbogbo. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé okùn yẹn kiri.

Báyìí ni Ìyá àgbà ṣe di ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀. Lálaalẹ́, ó máa ń tẹ́ páálí sí abẹ́ Adúmáadán. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á fa páálí náà jáde, á sì kà á: ẹ̀kán dúdú ni epo, ẹ̀kán tó tutù mọ́ni lọ́wọ́ ni omi. Á fi ìka kàn án, á gbóòórùn rẹ̀. Tó bá rí ẹ̀kán kékeré kan, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó tọ̀ lánàá. Àgbà tó ń tọ̀ dáadáa, ara rẹ̀ le." Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wà á. Ọkùnrin tó kọ́ ọ ní wíwà ní kó wọ bàtà, wọ́n jà sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin náà ló sì jọ̀wọ́. Títí di òní, mo máa ń bọ́ bàtà kí n tó tan ọkọ̀, nítorí mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, "Ẹsẹ̀ tó wọ bàtà, adití ni."

Àwọn mẹkáníìkì bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn oníṣu máa ń kó iṣu wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan, kálukú sì ní àmì tó ń fi ọ̀bẹ fà sí ara tirẹ̀ kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni ti Ìyá àgbà. Kó tó gbé Adúmáadán lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí, á kọ́kọ́ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, á fi ìṣó fa ìlà mẹ́ta sí ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Mẹkáníìkì kan wà ní Parakou tó ní kí a pààrọ̀ páǹpù epo. Ó yọ ti tẹ́lẹ̀, ó wọ inú ilé lọ, ó sì gbé "tuntun" jáde nínú páálí, ó ń dán gbinrin. Ìyá àgbà gbà á, ó yí i dojú dé. Ìlà mẹ́ta. Ọkùnrin náà fi gásóòlù wẹ páǹpù wa fún wa ni! Kò pariwo. Ó dá a padà sí i lọ́wọ́ pẹ̀sẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, dá a sí àyè rẹ̀. Ọmọ mi lèyí, mo mọ ilà ojú rẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, Sábí nìkan ló ń fọwọ́ kan Adúmáadán. Ọmọ Bàrìbá ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Tchatchou, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu púpọ̀, kì í sì í purọ́. Ohunkóhun tí Sábí bá yọ, Ìyá àgbà á gbà á, á fọ̀ ọ́, á so ẹ̀já aṣọ mọ́ ọn, á sì fi kọ́ sínú àká iṣu. Aṣọ pupa jẹ́ ti ọdún kìíní, aláwọ̀ ewé jẹ́ ti ìkejì. Ẹni tó bá wọ àká wa nígbà náà, á rí iṣu lápá ọ̀tún, á rí irin àti wáyà lápá òsì, tí wọ́n gbé ẹ̀já aṣọ sọ́rùn bí ọmọ tuntun. Àwọn ìyàwó ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi í léèrè ohun tó ń fi òkú irin ṣe. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé gbogbo ara rẹ̀ ló kú?"

Kí ẹ má baà rò pé mò ń pọ́n ọn lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe rẹ̀. Oníṣu ni, orí oníṣu ló sì fi ń ronú. Nígbà tí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ara Adúmáadán, ó ṣe ohun tí à ń ṣe fún òkìtì iṣu: ó kó koríko gbígbẹ bò ó ní orí àti iwájú. Sábí ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́. Èmi náà ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ṣé èmi ni màá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ oòrùn. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, ó kó koríko náà kúrò. Àwọn tó ti fi koríko náà kọ́lé kò bá a lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a jẹ iṣu tuntun ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àgbẹ̀ kan tó ń kó iṣu fún wa sọ ọmọ lórúkọ ní abúlé Kika, èmi àti Ìyá àgbà sì gbé Adúmáadán lọ. Bàbá Sàká náà wà níbẹ̀, nítorí ẹbí ìyàwó rẹ̀ kan ni wọ́n. Òjò rọ̀ nígbà tí à ń jẹun lọ́wọ́. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Ìyá àgbà yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọkọ̀ lẹ́nu. Ó tún yí i. Kò sí nǹkan kan.

A ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì. Eku kan fò jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn àlejò sá lọ. Ilé koríko wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú kì í tó, gbogbo wáyà àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti jẹ tán. Àwọn ọkùnrin gbìyànjú láti ti ọkọ̀ náà kó lè dìde, ṣùgbọ́n taya iwájú ti rì sínú ẹrẹ̀, kò sún. Ìyá àgbà dúró, ó ń wo koríko yẹn. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ọkọ̀ ni mo rà, iṣu ni mò ń tọ́jú."

Bàbá Sàká ti dé. Ó wọ agbádá funfun, okùn aró wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

"Ìyàwó wa, Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ẹ jẹ́ kí n so ó."

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó, ẹ jẹun ná. Òkú kì í sá."

Ó pe Sábí lórí fóònù, ó ní kó sọ̀rọ̀ sókè kí èmi náà gbọ́. Sábí ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí, ó di Parakou, bóyá ọjọ́ mẹ́ta.

"Èyí tí o yọ lọ́dún kìíní ńkọ́? Èyí tí o ní ara rẹ̀ ń bó?"

"Tata, ìyẹn ti kú."

"Bàbà inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbà inú rẹ̀ wà dáadáa."

"Máa bọ̀. Bíntù! Àká, apá òsì, aṣọ pupa."

Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa. Ẹni tó gbé mi ń sáré, èmi ń pariwo pé kò sáré tó. Ní ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti mọ̀ pé n kò bínú sí irin àtijọ́ náà mọ́. Mo fẹ́ kí ó dìde ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun rí lọ. Mo já wáyà náà kúrò lára ìkọ́ tòun ti ẹ̀já aṣọ, mo so ó mọ́ ọrùn, a tún yí padà. Nígbà tí mo dé, Sábí ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Gbogbo Kika ti pé jọ. Bàbá Sàká ti jẹ àwo ìrẹsì mẹ́ta, okùn wà lórí itan rẹ̀.

Sábí fi téépù di wáyà náà láti ìdí dé orí, ó so ó. Ìrun àsárì ti kọjá nígbà tó gbé orí sókè, tó ní, "Tata, ẹ gbìyànjú." Ìyá àgbà bọ́ bàtà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Adúmáadán wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín funfun, ó sì dìde! Igbe tí Kika ké lọ́jọ́ náà, ó ṣì wà létí mi.

Bàbá Sàká kò rẹ́rìn-ín. "Ó dìde, ṣùgbọ́n kò lè lọ. Ẹrẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Okùn ni."

"Ẹ̀yin ará Kika," ni Ìyá àgbà wí, "ẹ dákun, ẹ bá mi tì í."

"Rárá o! Títì àti fífà, ọ̀kan náà ni! Àdéhùn là ń sọ níbí!"

Ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ọkọ mi, ní ọjọ́ ìyàwó mi mo ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà Goro. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ọmọdé ni yín, mo rántí. Ṣé mo fa ọkọ̀ yẹn? Ẹni tí a bá tì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń lọ. Ẹni tí a bá fà, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń bá lọ."

Baba arúgbó tó ni ọmọ-ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti bọ́ síbi tó yẹ." Ìyá àgbà padà wọ inú ọkọ̀, àwọn ọkùnrin gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, èmi náà gbé tèmi lé e. Taya yí, yí, yí, ó ta ẹrẹ̀ sókè, Adúmáadán sì fò jáde sórí ilẹ̀ líle. Ẹrẹ̀ tó ta yẹn, ara agbádá funfun Bàbá Sàká ló bà sí, láti orí dé ẹsẹ̀.

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo rò pé Ìyá àgbà yóò máa fun fèrè lọ ni. Ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú kẹ́tùlù tó fi ń ṣe àlùwàlá láti inú ọkọ̀, ó padà sí ọ̀dọ̀ Bàbá Sàká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹrẹ̀ kúrò lára agbádá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Sàká dúró gbagidi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀. Nígbà tí Ìyá àgbà ṣe tán, ó sọ fún un jẹ́jẹ́, èmi tí mo wà nítòsí nìkan ló gbọ́ ọ, "Ẹni tó kọjá lára mi lọ́jọ́sí kò bojú wẹ̀yìn. Èmi a máa bojú wẹ̀yìn, ọkọ mi."

Fèrè ló kù. Láti ìgbà tí a ti wọ Tchaourou, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin inú ọjà dìde, wọ́n ń ju ìborùn sókè. Ní ọjọ́ iṣu tuntun, Bàbá Sàká dìde níwájú ẹbí, ó gbé okùn aró lé Ìyá àgbà lórí itan, ó ní, "Àgbàlá jẹ́ ti ìyàwó wa." Kò sí ẹni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà so okùn náà sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sá aṣọ lé e, àgbàlá sì wà lọ́wọ́ mi di òní olónìí.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá Sàká kò ṣe: kò gun ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ tó yẹ kó gùn ún, ó rìnrìn àjò. Ọdún ń gorí ọdún, tí wọ́n bá ti pàdé, Ìyá àgbà á kúnlẹ̀ kí i, á sì ní, "Ìjókòó ẹ̀yìn ń dúró dè yín o, ọkọ mi."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni Ìyá àgbà jáde láyé, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ti sọ pé kí wọ́n sin òun sí Goro, lẹ́bàá bàbá òun, kí ọkọ̀ mọ́sálásí gbé òun, kí Bíntù sì fi Adúmáadán tẹ̀ lé òun dé ẹnu ìlú. Wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀, ìmáàmù ti jókòó, gbogbo ìlú ń dúró. Mo bọ́ bàtà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí nǹkan kan. Láti ìgbà tí àìsàn dé, ẹnikẹ́ni kò rántí tan án, bátìrì ti kú. Mo ní mo ti dójú tì í, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn gan-an.

Àwọn ọkùnrin sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tú okùn aró wá, wọ́n fẹ́ so ó mọ́ ọkọ̀ mọ́sálásí.

"Ta ló mú okùn yẹn wá?"

Bàbá Sàká ni. Ó ti darúgbó, igi ló fi ń rìn, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀! Ọkọ̀ ìyàwó wa lẹ fẹ́ so lọ́rùn? Títì ni kí ẹ tì í! Ẹni tí a bá tì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń lọ!"

Ó ju igi rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkọ̀, òun ni ó kọ́kọ́ gbé e lé e, àwọn yòókù tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi jíà kejì sí i. Adúmáadán yí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín funfun, ó sì dìde. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Bàbá Sàká wọlé fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí ìjókòó awọ yẹn, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ mọ́sálásí ti ń dojú kọ ọ̀nà Goro.

Ó ní, "Bíntù, gba inú ọjà kọjá."

Mo gba inú ọjà. Mo yí i ká pátá, n kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí fèrè.